Sikí, Má Tíì San Owó Oúnjẹ Yẹn

Ajégúnlẹ̀, Èkó.

Sikí mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ fóìsì nóòtì rẹ láti orí dé ìdí. Mo ń ṣa ẹ̀fọ́ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Mo ṣa ẹ̀fọ́ tán, ọ̀rọ̀ rẹ ò tíì tán. Ṣé o kì í mí ni? Inú mi dùn ṣá. Ọmọ tó ní kí ìyá òun wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún ọjọ́ ìbí, ọmọ náà kú iṣẹ́. Bá mi kí Ràṣídì dáadáa. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ tó wà ní Ajégúnlẹ̀ ní kí owó má ṣe wọ́n ọn lọ́wọ́. Ǹ bá dá ọ lóhùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé bí àwa méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀, dátà ló máa kọ́kọ́ kú. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Àlàáfíà la wà. Boundary ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀: ariwo, bọ̀ọ̀lì, àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tí kò mọ̀ pé èèyàn ń kọjá. Òjò rọ̀ lánàá, omi gba gbogbo ojú ọ̀nà, mo bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí n tó dé ọjà. Àwọn tírélà ṣì ń tò lọ sí Wọ́ọ̀fù Àpápá. Ìyá Ṣèyí ẹlẹ́wà ní kí n kí ọ, ó ní o ṣì jẹ òun lówó ẹ̀wà àgànyìn. Mi ò dá sí i.

Ó yá, ká wá sọ tìrẹ. O ní Ràṣídì ti sanwó ọkọ̀ tán, àfi bí wọ́n ṣe tún fi ìwé owó mìíràn ránṣẹ́: ilé sitéèkì, owó lọ́tọ̀, súṣì, owó lọ́tọ̀, tábìlì tí olórí alásè ti ń jáde wá bá èèyàn sọ̀rọ̀, owó gegere. O wá ń bi mí pé ṣé owó ọkọ̀ kò kan oúnjẹ ni. Ó kàn án, Sikí. Owó tí ọmọ rẹ san ti kárí yàrá, oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ó ti kárí tíátà, ó ti kárí orin. Ebi ò lè pa ọ́ nínú ọkọ̀ yẹn àfi bí o bá gbààwẹ̀, bí o bá sì gbà á, ìwọ àti kéèkì ni ẹ jọ máa wo ara yín títí oòrùn á fi wọ̀.

Nínú ọkọ̀ tí Kúnlé ọmọ mi mú mi wọ̀ lọ́dún tó kọjá láti Southampton, ibi méjì la ti ń jẹun láìsan kọ́bọ̀ kún un. Ọ̀kan ni bùfé tó wà lókè, níbi tí wàá ti bu ohun tí ojú rẹ bá rí. Èkejì ni gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì rẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti Íńdíà ló ń gbé oúnjẹ fún wa níbẹ̀, àtalẹ́ àkọ́kọ́ ló ti ń pè mí ní Mama. Bí oúnjẹ méjì bá wù ọ́ nínú ìwé oúnjẹ, ní kí wọ́n gbé méjèèjì wá, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu. Kúnlé ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ata nìkan ni wọn ò ní. Ìrẹsì wọn funfun, ẹja wọn funfun, ọbẹ̀ wọn náà funfun. Mo ti fura tẹ́lẹ̀, mo ti di ata gígún sínú ìgò kékeré láti ilé. Kò pẹ́ tí ọmọ Íńdíà náà fi ń tọrọ níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n tún ń ta oúnjẹ fún ẹni tó ti sanwó oúnjẹ? Owó ni. Carnival ni ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù nídìí òwò yìí láyé. Ní ọdún 2023, owó tó wọlé fún wọn lé ní bílíọ̀nù 21 dọ́là, èyí tó sì lé ní bílíọ̀nù 7 nínú rẹ̀ kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ọtí wà níbẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, àti oúnjẹ àkànṣe àti ìrìn àjò tí wọ́n ń mú èrò rìn ní èbúté. Bí dọ́là mẹ́ta bá wọlé, ọ̀kan àti jára ló jẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó tíkẹ́ẹ̀tì fi lè fani mọ́ra. Wọ́n mọ̀ pé bí omi bá ti yí ọ ká, o ò lè sọ̀kalẹ̀ lọ ra bọ̀ọ̀lì ní Boundary.

Má sì rò pé ọgbọ́n òde òní ni o. Ní 1905, ilé-iṣẹ́ Hamburg America ti Jámánì ti ṣí ilé oúnjẹ Ritz-Carlton sínú ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Amerika, fún àwọn tó fẹ́ sanwó jẹun lọ́tọ̀. Titanic náà ní tirẹ̀ ní 1912. Ará Ítálì kan, Luigi Gatti, ló ń bójú tó o, èrò ipò kìíní nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Àwọn tó ti ní gbọ̀ngàn oúnjẹ tiwọn tẹ́lẹ̀ o! Wọ́n ṣì ń wá ibi tí àwọn olówó ẹgbẹ́ wọn ò ti ní bá wọn jókòó.

Aṣọ ẹbí ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo wa la máa jẹ ìrẹsì níbi ìnáwó, ṣùgbọ́n ẹni tó ra aṣọ ni wọ́n máa bi léèrè bóyá ẹja ló fẹ́ tàbí ẹran, òun ni wọ́n sì máa fún ní ike àti agboòrùn. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bu ìrẹsì. Ìwọ tí o ra léèsì olówó gọbọi níjọ́ kìíní, tí o ò sì rí ẹran jẹ, ṣé èmi ló yẹ kí n máa ṣàlàyé fún ọ?

Ká sòótọ́, a jẹ ọ̀kan nínú oúnjẹ olówó lọ́tọ̀ náà. Kúnlé ló fẹ́ ẹ. Ẹran náà dára, mi ò ní purọ́. Wọ́n bi mí bí mo ṣe fẹ́ kó jinná tó, mo ní kí wọ́n sun ún títí màlúù náà á fi gbà pé òun ti kú. Agbáwo náà rẹ́rìn-ín, ó lọ sun ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran la sanwó fún gan-an, ìdákẹ́jẹ́ ni. Kò sí ọmọdé tó ń ké, kò sẹ́ni tó ń ti tìrẹ́ẹ̀ lu èèyàn lẹ́yìn, a jókòó pẹ́, a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Kúnlé ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ọmọ Gánà yẹn lòun máa fẹ́. (Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dé ìyẹn. Pè mí.) Bí ìwọ àti Ràṣídì bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti bá ara yín sọ, ó tó owó. Bí kò bá sí, ẹran ni ẹran ń jẹ́.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, ǹjẹ́ o rántí Aureol? O ò lè gbàgbé. Ọkọ̀ funfun, tí ihò èéfín rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí a bá ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, tí bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bó bá ti Wọ́ọ̀fù dé. Láti 1951 ló ti ń ná Liverpool sí Àpápá. Á yà ní Las Palmas, á yà ní Freetown àti Takoradi, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó máa ń lò lórí omi. Ipò méjì ló ní, gbogbo èrò inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún àti díẹ̀ lọ. Ìwọ wá wo Icon of the Seas tó jáde ní 2024: àjà 20, èrò tó lè gbà tó 7,600! Bí wọ́n bá kó gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, níbo la máa gbà kọjá?

Nínú ọkọ̀ ìgbà yẹn, àwọn èrò fúnra wọn ló ń dá ara wọn lára yá. Wọ́n á ju òrùka okùn lórí dẹ́ẹ̀kì, wọ́n á wo sinimá, wọ́n á jó lálẹ́. Ní 1972, wọ́n gbé Aureol kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton, ibi tí ìwọ náà ti fẹ́ wọkọ̀ yìí gan-an. Nígbà tó fi máa di 1974, iṣẹ́ ti parí, ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kòńténà ni Àpápá ń rí báyìí. Orúkọ Liverpool nìkan ló kù síbẹ̀, tí kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì ń fi pe èrò sí ibùdókọ̀ kan.

Ọkọ̀ tiwa náà yà ní Las Palmas. Gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò, èmi ń wo èbúté, mo sì ń ronú nípa àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí fọ́tò wọn kárí ayé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. O rí i nígbà náà, o pè mí. Orí irin ìtọ́kọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ elépo Alithini II ni wọ́n jókòó sí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n lẹ́sẹ̀. Èkó ni wọ́n ti gùn ún, ọjọ́ 11 ni ọkọ̀ náà fi rìn kó tó dé Las Palmas, tí wọ́n wá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Omi tí Aureol ń gbà kọjá náà ni. Mo sọ fún Kúnlé pé bí mo bá tún ráhùn nípa ọbẹ̀ tí kò láta, kó rán mi létí àwọn ọmọ yẹn. Nítorí náà, Sikí, tíkẹ́ẹ̀tì lásán tí Ràṣídì rà fún ọ ti tó ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ká sọ ti eré. Èyí ni kí o rọ̀ mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní owó nínú. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣeré ní tíátà: akọrin, alálùpàyídà, àwọn tó ń fò káàkiri lórí okùn. Àwọn ọkọ̀ kan tiẹ̀ ní pápá yìnyín tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí bàtà onírin. Voyager of the Seas ló kọ́kọ́ gbé e wọ inú ọkọ̀ ní 1999. Yìnyín lórí òkun, Sikí! Bi wọ́n bóyá ó yẹ kí ẹ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, nítorí ọ̀fẹ́ náà máa ń kún.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, díìjéè kan gbé orin Burna Boy sí i lórí dẹ́ẹ̀kì. Àwọn òyìnbó ń mi orí. Mo wò ó pé ta ló kọ́ mi níjó? Ṣé ìlú Daddy Showkey kọ́ ni mo ti wá? Mo dìde, mo gbé ijó galala sílẹ̀, galala tó wá láti àdúgbò wa fúnra rẹ̀. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá òyìnbó kan wá bi Kúnlé pé aago mélòó ni mo tún máa ṣeré lọ́la. Ó rò pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni mí!

Ibi tí owó ń gbà jò nìyí, fetí sílẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní káàdì kan. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn yàrá, òun náà ló ń sanwó, o ò ní rí owó lójú. Bí o bá fi kan ẹ̀rọ báyìí, ó ti lọ. Tíì, kọfí lásán àti omi ẹ̀rọ kì í sábà ní owó nínú, ṣùgbọ́n mínírà àti ọtí ní. Bíńgò ní owó káàdì. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ láìjẹ́ pé o béèrè, wọ́n á wá tà á fún ọ lówó tó lè ra ẹ̀rọ fọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n máa ń fi nǹkan bí ìdá 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọtí àti ti oúnjẹ àkànṣe lórí, fún àwọn agbáwo. Ka ìsàlẹ̀ ìwé owó náà dáadáa. Ní ti owó ọtí àsanpọ̀, àwọn ọkọ̀ kan máa ń sọ pé bí àgbàlagbà kan bá rà á nínú yàrá, gbogbo àgbàlagbà yàrá náà gbọ́dọ̀ rà á. Ìwọ Alhaja tí o kì í mu ju Zobo lọ, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kí Ràṣídì sì kọ̀wé sí wọn ṣáájú lórí ẹran halal, kó má dúró di ìgbà tí ẹ bá wọkọ̀.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ẹ san owó ilé sitéèkì lẹ́ẹ̀kan péré, lálẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ, ìwọ àti ọmọ rẹ nìkan. Ẹ san án kí ẹ tó wọkọ̀, ó sábà máa ń dín díẹ̀. Ẹ fi súṣì àti tábìlì olórí alásè sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Gbọ̀ngàn aláṣọ funfun ti tó ọ, tíátà ti tó ọ. Owó tó bá ṣẹ́kù, fi sọ̀kalẹ̀ ní èbúté kí o rí ìlú. Kí Ràṣídì tó tẹ bọ́tìnnì kankan, fi ìwé owó yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àtàtà,
Àdùkẹ́