Sinimá Ilẹ̀ Òkèèrè Lójú Ará Ìpàpó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn jù lọ láyé yìí lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun, sinimá ni n ó dárúkọ, ojú kò sì ní tì mí. N kò wí sinimá oníbọn, n kò sì wí ti àwọn tí ń fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé bí ọ̀bọ. Ẹni tí ìyẹn bá dùn mọ́, kí ó máa gbádùn rẹ̀ lọ. Èyí tí mo ń wí ni eré tó dá lórí ọ̀rọ̀ ilé: bàbá àti ọmọ, owó tí kò tó ná, ìyàwó tó fẹ́ kó jáde, àgbàlagbà tí ń ṣàìsàn. Irú rẹ̀ ni mo ń wá kiri láti ilẹ̀ Japan dé ilẹ̀ Ìran, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló kan ọmọ Ìpàpó nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Tokyo. Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé ọ̀rọ̀ ará Tokyo kan ará Ìpàpó ju bí wọ́n ti rò lọ, àti pé mo ní ẹlẹ́rìí.

Àwọn ẹlẹ́rìí mi náà ni ìyá mi àti àwọn ìyá mẹ́ta kan ní àdúgbò wa. Nígbà ìsinmi, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, tí ilẹ̀ Òkè-Ògùn gbẹ, tí a ti kórè ẹ̀gúsí àti ọkà bàbà tán, tí ọwọ́ sì dilẹ̀ díẹ̀, èmi a gbé kọ̀ǹpútà mi lé orí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá wọ̀nyí a jókòó sórí ẹní, wọn a fi aṣọ bora. Gbogbo sinimá tí n ó sọ̀rọ̀ wọn yìí ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó sí ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀. Èmi ni mo ń kà á, tí mo ń sọ ọ́ di Yorùbá ní kíákíá, bí ògbifọ̀ tí ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajẹ́lẹ̀ láyé ijọ́un. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi bí mo ṣe lè mọ sinimá tó dára. Sinimá tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá pọ̀ ju ìṣe lọ, ohùn mi a há, oorun a sì gbé àwọn ìyá lọ. Èyí tó bá dára, wọn a ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí n tó la ẹnu. Nígbà mìíràn, wọn a tilẹ̀ ní kí n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí mo fi ṣe olórí gbogbo wọn, “Tokyo Story”, tí Yasujiro Ozu ṣe ní Japan ní 1953. Ìtàn rẹ̀ kò ju báyìí lọ: bàbá àti ìyá arúgbó kan gbéra láti ìlú Onomichi, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Ọmọkùnrin wọn àgbà jẹ́ dókítà, ọmọbìnrin wọn sì ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ṣe irun fún àwọn obìnrin. Àwọn ọmọ kò lé òbí wọn, wọn kò bú wọn. Wọn kò kàn ráyè ni. Dókítà ti múra tán láti mú wọn jáde, aláìsàn kan ránṣẹ́ pè é. Ọkọ onírun ra ìpápánu olówó iyebíye wálé fún wọn, ìyàwó rẹ̀ ní àṣejù ni. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n kó àwọn òbí lọ sí Atami, ibi ìgbafẹ́ kan létí òkun, níbi tí ariwo àwọn tí ń ta ayò kò ti jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Ta ló wá tọ́jú wọn? Noriko ni, opó ọmọ wọn tó bá ogun lọ. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wọn, yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, ṣùgbọ́n òun ló tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́ láti mú wọn káàkiri ìgboro, òun náà ló lọ yá ọtí lọ́dọ̀ aládùúgbò kí bàbá lè rí nǹkan mu.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá kú. Onírun sunkún kíkorò. Bí wọ́n ti sin òkú tán, òun kan náà ló ń béèrè aṣọ ìyá rẹ̀ tí òun yóò mú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa pòṣé, wọ́n ní ọmọ burúkú. Ìyá mi dá wọn lóhùn pé, “Ẹ má bú u. Ẹ ò rí i pé ó sunkún ni?” Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ìyá mi mọ sinimá wò jù mí lọ. Àbí ta ni kò mọ onírun yìí? Ní Ìpàpó, ọmọ kì í kọ òbí sílẹ̀. Ó wà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ó ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ń sọ pé bó bá di Iléyá.

Ohun kan tún wà nípa Ozu. Ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ sinimá a máa fi èyí jiyàn títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Àwọn ìyá wa kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ní tiwọn, nítorí orí ẹní ni wọ́n jókòó sí, gbogbo rẹ̀ ṣe déédéé lójú wọn.

Ti Vittorio De Sica ní Ítálì ló tẹ̀ lé e, “Bicycle Thieves”, 1948. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ricci rí iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, pé kí ó máa lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wà ní dógò. Ni ìyàwó rẹ̀ bá ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wọn, ó lọ fi dógò kí wọ́n lè gba kẹ̀kẹ́. A rí akọ̀wé tó ń gun àkàbà láti to aṣọ náà mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ga dé àjà. Ricci kò tíì lẹ ìwé títí tí wọ́n fi jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé, ní ọjọ́ kìíní gan-an. Ìyókù ìtàn ni bí òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré, Bruno, ṣe wá kẹ̀kẹ́ kiri Róòmù, títí bàbá fi dán olè wò, tí wọ́n mú un lójú ọmọ. Ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ wo ojú ọmọ náà, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n fi ṣe Ricci, kì í ṣe òṣèré rárá, ó sì hàn lára ọwọ́ rẹ̀. N kò fẹ́ràn orin inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n sunkún nígbà tí omijé ti wà lójú mi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ọlọ́kadà tí wọ́n jí ọ̀kadà rẹ̀ gbé nígbà tí kò tíì san owó rẹ̀ tán, kò nílò ògbifọ̀ fún sinimá yìí.

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni “Mandabi”, tí Ousmane Sembène ṣe ní Senegal ní 1968. Èdè Wolof ni ó fi ṣe é, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èdè Faransé nìkan ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Dieng, bàbá oníyàwó méjì tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ni ọmọ arábìnrin rẹ̀ tí ń gbálẹ̀ ìgboro ní Paris fi owó ránṣẹ́ sí láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún 25 faranki ni: ẹgbẹ̀rún 2 jẹ́ ti Dieng, ẹgbẹ̀rún 3 jẹ́ ti ìyá ọmọ, ìyókù kí ó bá òun tọ́jú. Dieng kò tíì fojú kan owó tí àwọn ìyàwó rẹ̀ fi ti ra ìrẹsì láwìn, tí gbogbo àdúgbò sì ti wá yáwó. Ó dé ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní káàdì ìdánimọ̀ dà? Ó lọ gba káàdì, wọ́n ní ìwé ọjọ́ ìbí dà? Ó lọ gba ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí i? Bàbá kò mọ̀. Ó ya fọ́tò, ayàwòrán gbowó, kò rí fọ́tò gbà. Ìbátan kan tó kàwé ló wá gbà láti bá a gba owó náà. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà nítorí NIN rí, tí wọ́n sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò bá ti báńkì mu, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá bi mí bóyá Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ya àwòrán náà.

Ti Íńdíà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. “Mother India” tí Mehboob Khan ṣe ní 1957 ni àwọn ìyá fẹ́ràn, nítorí orin, àti nítorí Nargis tó ṣe ìyá náà. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Sukhilala olówó èlé inú rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ nìkan tó láti gbé e dé ẹ̀wọ̀n, ẹni tí ń wò kò sì ní nǹkan kan láti rò mọ́. “Pather Panchali” ti Satyajit Ray, 1955, ni mo gbé ga jù ú lọ. Ìyá inú tirẹ̀ náà jẹ́ ẹni rere, síbẹ̀ ìṣẹ́ mú un títí tí ó fi lé ìyá arúgbó kan tí ń jẹ nínú ìkòkò wọn jáde nílé. Ojú kan náà tí a fi ń ṣàánú rẹ̀ la fi rí i tó ń ṣe é.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Sinimá tí mo ń wá ni èyí tí kì í tètè sọ fún mi pé lágbájá ni ọ̀tá. “A Separation”, tí Asghar Farhadi ṣe ní Ìran ní 2011, tí Amẹ́ríkà fún ní ẹ̀bùn Oscar ní ọdún kejì, ló fi èyí hàn jù. Simin fẹ́ kó lọ sókè òkun. Nader ọkọ rẹ̀ kò lè fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀, nítorí iyè bàbá ti ra. Nígbà tí Simin lọ sílé òbí rẹ̀, Nader gba aláboyún tálákà kan, Razieh, láti máa tọ́jú arúgbó. Lọ́jọ́ kan Razieh so bàbá mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jáde. Nader dé, inú bí i, ó tì í jáde lẹ́nu ọ̀nà. Oyún bàjẹ́. Ó di ilé ẹjọ́. Gbogbo wọn ló parọ́ díẹ̀, gbogbo wọn ló sì jàre díẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Nader ní òun yóò san owó bí Razieh bá lè fi Kùránì búra pé òun ló fa ikú ọmọ. Razieh kò lè búra, nítorí ọkọ̀ ti kọ lù ú ṣáájú ọjọ́ náà, kò sì dá a lójú. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó mí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n mọ ohun tí ìbúra jẹ́, ìbáà ṣe Kùránì, ìbáà ṣe Bíbélì, ìbáà ṣe irin Ògún. Lọ́jọ́ kejì, n kò tíì fọ ẹnu tán tí ìyá kan fi dé pé òun ti rò ó lóru, pé ẹjọ́ ọkọ ni. Ìyá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí Fúlàní tí ń ta wàrà fi kọjá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rà.

Ní tiwa ńkọ́? Bàbá ni Olóyè Hubert Ogunde, n kò ní bú bàbá. Ní 1979 ni “Aiyé” jáde, Ola Balogun ló darí rẹ̀, Ogunde fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, adáhunṣe tó gbógun ti àwọn àjẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọ̀nà yẹn ti wá di ọ̀nà àbùjá fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá kú, ìyá ọkọ ni. Bí òwò bá wó, àbúrò bàbá ni. Gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nínú “Saworoidẹ” tí Tunde Kelani ṣe ní 1999, ojúkòkòrò ọba àti àwọn ìjòyè ló ba ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ni mo ń rí nígbà gbogbo. Ìyá arúgbó kan wà tí mo mọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kú ṣáájú rẹ̀, tó ń dá gbé. Bí ó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé a sá wọlé. Kò sí babaláwo tó sọ nǹkan kan fún wọn nípa rẹ̀, kò sí wòlíì. Inú fóònù ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Nítorí èyí ni mo ṣe fi “Yaaba” hàn wọ́n, tí Idrissa Ouédraogo ṣe ní Burkina Faso ní 1989. Ilẹ̀ tiwọn gbẹ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n pápá gbalasa ni, erùpẹ̀ rẹ̀ pupa, ojú ọ̀nà rẹ̀ tín-ín-rín. Sana ni wọ́n ń pè ní àjẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ìlú ló ń gbé. Ọmọkùnrin kan, Bila, ló sún mọ́ ọn, ó ń pè é ní Yaaba, ìyá àgbà. Nígbà tí ọmọ kan ní abúlé dùbúlẹ̀ àìsàn, Sana yìí ló rìn lọ wá oníṣègùn. Sinimá náà kò tilẹ̀ yára dá obìnrin tó ń yan àlè lẹ́jọ́, ó jẹ́ kí a rí ọkọ rẹ̀ ọ̀mùtí ná.

Nígbà tó parí, ìyá mi béèrè pé ta ní ń pọnmi fún ìyá arúgbó àdúgbò wa. Kò sí ẹni tó dáhùn. N kò ní parọ́ fún yín pé sinimá kan tún ìwà àdúgbò ṣe. Àwọn ọmọdé ṣì ń sá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí bá lówó lọ́wọ́, tí ó sì fẹ́ ṣe sinimá ní èdè Yorùbá, mo mọ èyí tí mo fẹ́ rí. Kí ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá sí Òkè-Ògùn lásìkò ọyẹ́, kí ó gbé e sísàlẹ̀ bíi ti Ozu, kí ó fi ìyá àgbà kan hàn wá tó ń gé ilá, tó ń ṣa igbá, tó ń dá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kú, kí ilẹ̀ sì ṣú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni di ẹyẹ.