Orin Darandaran

Bí Fúlàní darandaran bá ń kọrin lẹ́yìn odi Kàdúná, àgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń gbé ibẹ̀ a máa fetí sílẹ̀. Màlúù ni ẹni tí ń kọrin ń yìn. Ilé ni ẹni tí ń gbọ́ ọ ń rántí. Ní ìgbà èwe rẹ̀, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gba iṣẹ́ náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń da màlúù láti Òkè Ọya, gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, lọ sí Ìbàdàn, níbi tí a ti dá Sábó sílẹ̀ ní 1916.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko; ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tí a bí sí Kàdúná, níbo ni ilé wọn? Bí wọ́n bá gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, Kàdúná ni wọn yóò rántí.