Táblẹ́ẹ̀tì àti Láptọ́ọ̀pù: Èwo Ni Ká Rà?

Bí ẹ bá fẹ́ kí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ òṣèlú, ẹ má sì dárúkọ bọ́ọ̀lù. Ẹ sáà bèèrè bóyá táblẹ́ẹ̀tì lè gba ipò láptọ́ọ̀pù. Kíá ni ilé yóò pín sí méjì. Àwọn kan yóò ní ayé à ń gbé àpótí kiri ti kọjá, pé ohun gbogbo tí ènìyàn ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ni pẹlẹbẹ gíláàsì yìí lè ṣe. Àwọn kejì yóò ní ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni, pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ gidi láti ṣe kì í fi ìka kan ṣoṣo máa họ gíláàsì. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí títí ó fi sú mi, mo sì ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń jà á kì í sábà bi ara wọn ní ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi, èyíinì ni pé: iṣẹ́ wo ni ìwọ alára ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́?

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ẹnu lásán, owó wà nídìí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni kò lè ra méjèèjì. Owó tí a ó fi ra ẹyọ kan jẹ́ owó tí ẹnì kan ti ń tù jọ láti oṣù púpọ̀ wá. Bóyá owó àjọ ni, bóyá owó tí òbí yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Ẹni tó bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu lè má rí òmíràn rà títí yóò fi jáde ní yunifásítì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Èrò táblẹ́ẹ̀tì ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1972, Alan Kay, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó wà ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà kan tí ọmọdé yóò lè gbé lọ́wọ́ bí ẹni gbé ìwé, ó sì pè é ní Dynabook. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ nígbà náà. Àní nígbà tí Osborne 1, kọ̀ǹpútà àgbékiri àkọ́kọ́ tó tà dáadáa, jáde ní ọdún 1981, ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlógírámù 11. Ẹni tí apá rẹ̀ bá le ló lè gbé e dé òpópó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: Kay kò yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò lára Dynabook rẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé kí ọmọ lè máa kà, kí ó sì lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2010 ni iPad dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 499 ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, kò wọ̀n tó kìlógírámù kan, kò sì ní kíbọ́ọ̀dù lára. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tà á ti ń ṣèlérí fún wa. Ní 2014, Microsoft ń polówó Surface Pro 3 pé táblẹ́ẹ̀tì tó lè rọ́pò láptọ́ọ̀pù ni, ṣùgbọ́n lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ta kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ní 2015, Apple gbé iPad Pro jáde: dọ́là 799 ni táblẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ 169, kálámù rẹ̀ jẹ́ 99. Ẹ ro ó pọ̀, ó di 1,067. Ní ọdún kan náà, dọ́là 899 ni láptọ́ọ̀pù MacBook Air tó kéré jù. Ẹni tó ní òun kò ra láptọ́ọ̀pù mọ́ ti san owó láptọ́ọ̀pù, ó sì tún fi èlé lé e. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2020, Apple mú kí iPad bẹ̀rẹ̀ sí gba máòsì dáadáa. Bí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni táblẹ́ẹ̀tì ń rìn lọ sọ́dọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ó gba kíbọ́ọ̀dù, ó gba kálámù, ó gba máòsì. Mo rò pé ó ti jẹ́wọ́ láìla ẹnu.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí ire lára táblẹ́ẹ̀tì kò ṣòótọ́. Ìrísí rẹ̀ pàápàá kò ṣàjèjì sí wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé kéú ti ń gbé wàláà lé itan, tí wọ́n ń ka ohun tí aáfà kọ sí i. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì gbé táblẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2013, tí wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé ẹrù ìwé tí ì bá máa tẹ ọmọ lọ́rùn ló di ohun pẹlẹbẹ kan.

Èmi náà ní táblẹ́ẹ̀tì, mo sì mọ rírì rẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n yà sínú fáìlì, tí ojú láptọ́ọ̀pù máa ń gé sí méjì, lódidi ni wọ́n ń hàn lórí rẹ̀ bí mo bá gbé e dúró lóòró. Bí àmì ohùn kan bá ti ń parẹ́ lójú ìwé, ìka méjì ni n ó fi fẹ̀ ẹ́ tóbi, kí n lè rí i bóyá ti òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀. Ti iná wá ńkọ́? Ẹni tó bá ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣájà táblẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà láàrin wáàtì 10 sí 20, nígbà tí ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń tó 45 sí 65. Páwà báǹkì kékeré kan lè yọ ẹni nínú òkùnkùn títí di òwúrọ̀. Láptọ́ọ̀pù púpọ̀, pàápàá àwọn tó ti pẹ́, kò tilẹ̀ ní ihò tí okùn páwà báǹkì yẹn lè wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìlò wàláà: bí ọmọ bá ti ka ohun tó wà lórí rẹ̀ tán, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ kúrò. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ odidi ìwé, tákàdá ni aáfà ń wá.

Kí n má baà máa sọ àgbọ́sọ, ní ìsinmi kan mo ti láptọ́ọ̀pù mi mọ́ inú àpótí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo ní táblẹ́ẹ̀tì nìkan ni n ó máa lò. Ọ̀sẹ̀ kìíní dùn bí oyin. Mo ń kàwé, mo ń dáhùn ímeèlì, mo ń gbọ́ ìròyìn, mo sì ń fi kálámù fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tó wù mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn táblẹ́ẹ̀tì bí ẹni fẹ́ràn àyò rí mi, ó ní, "Ṣé mo wí fún ọ?" Díẹ̀ ló kù kí n gbà fún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni iṣẹ́ dé. Mo ní láti kọ àròkọ olójú-ewé 12 ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ èdè wa mọ̀ pé bí a bá yọ àmì kúrò, igba tí í ṣe iye, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ń lọ, àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ yóò di ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni títẹ àmì náà kì í ṣe eré. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó wá gbé àmì lé e lórí. Lórí kíbọ́ọ̀dù tòótọ́, pẹ̀lú ètò Keyman tí àjọ SIL ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, ìka mi ti mọ ibi tí olúkúlùkù wà. Òótọ́ ni pé Keyman wà fún táblẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú Gboard ti Google. Ṣùgbọ́n gíláàsì tẹ́jú bọrọgidi, ìka kò lè fọwọ́ bà á kí ó mọ ibi tí òun wà. Ojú ni yóò máa ṣọ́ ìka, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ń ṣọ́ ìka kò ráyè ṣọ́ èrò tó ń kọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo rí i pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí yan ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ kò pọ̀. Mo kọ "ilé" níbi tí ọkàn mi ti ní kí n kọ "ọ̀ọ̀dẹ̀". Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí, nítorí pé ẹ̀rọ kan ti ń yan Yorùbá fún mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo fẹ́ yẹ ohùn àwọn ọ̀rọ̀ kan wò. Praat, ètò tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, ni àwọn onímọ̀ ìró fi ń rí bí ohùn ti ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Windows, Macintosh àti Linux ni wọ́n ṣe é fún. Mo wá a títí fún táblẹ́ẹ̀tì mi, n kò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo yá kíbọ́ọ̀dù kan lọ́wọ́ aládùúgbò, ìwé kíkọ sì yá bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo orí tábìlì mi, ohun tí mo rí ni táblẹ́ẹ̀tì, ohun tí a fi gbé e dúró, kíbọ́ọ̀dù, àti okùn iná méjì. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kan láptọ́ọ̀pù, àfi pé èyí kò lè jókòó lórí itan.

Ṣé a ó wá ní táblẹ́ẹ̀tì kò lè rọ́pò láptọ́ọ̀pù nìyẹn? Ẹni tó bá wí bẹ́ẹ̀ kò mọ ìyá mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Táblẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ya àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, òun ni wọ́n fi ń bá ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lójúkojú, wọ́n sì ń fẹ lẹ́tà tóbi nítorí ojú wọn. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà nílé, ekuru ni wọ́n ń gbọ̀n lára rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ní ti ìyá mi, táblẹ́ẹ̀tì ti rọ́pò rẹ̀ pátápátá, ó sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi àtàǹpàkò méjì kọ odidi ìtàn sórí fóònù, ìtàn náà sì dára. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n pé ẹnì kan lè fi ọ̀bẹ ro oko kò ní kí a má ra ọkọ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣe àgbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá mi pè mí nítorí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì. Wọ́n ní owó alájẹṣẹ́kù ti bọ́ sí àwọn lọ́wọ́, pé táblẹ́ẹ̀tì tuntun kan wà ní ìsọ̀ tó ń dán gbinrin, ọmọ náà kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o ti wà níbẹ̀, èwo ni ká rà?"

Mo ní, "Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kí ó lọ ṣe níbẹ̀?"

Wọ́n ní, "Kí ó lọ kàwé ni."

Mo ní, "Ṣé kí ó máa kà á nìkan ni, àbí kí ó máa kọ ọ́ pẹ̀lú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ni a rà. Owó rẹ̀ kò tó ti táblẹ́ẹ̀tì tuntun náà, a sì fi ìyókù ra dátà àti àpò tí yóò máa gbé e sí. Àbúrò mi fajúro fún ọjọ́ méjì, ó ní ó wúwo, kò sì dán. Fóònù rẹ̀ ló fi ń kàwé nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀rọ lọ. Ní ayé tí taipuráítà lò, ẹni tó bá tẹ Yorùbá tán lórí ẹ̀rọ tí kò ní àmì wa ní láti mú bírò, kí ó máa kán ẹsẹ̀ sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa gbé àmì lé orí fáwẹ̀lì. Àwọn àgbà wa ṣe é, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹ̀rọ dín èdè wọn kù. Lónìí, ẹ̀rọ tó lè gbé gbogbo àmì náà láìsí wàhálà wà lọ́jà. Kò yẹ kí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ Yorùbá kíkọ fi owó ara wa ra wàhálà ọjọ́sí padà. Bí olúkúlùkù wa bá ní ohun èlò ìgbọ́ran nìkan, a ó di ọ̀jáfáfá nínú gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, a ó sì máa wá ẹni tí yóò sọ tiwa.

Kí ẹ tó lọ sí ìsọ̀, ẹ mú bébà kan, kí ẹ fa ìlà sí i láàrin. Ní apá kan, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ kà, tí ẹ wò, tàbí tí ẹ gbọ́ lórí ẹ̀rọ láàrin ọjọ́ 7 tó kọjá. Ní apá kejì, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe tí ẹlòmíràn lè kà. Bí apá kìíní bá kún, tí kò sì sí ohun tí ẹ ń wá ní apá kejì, ẹ ra táblẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa gbádùn rẹ̀. Ẹni tí apá kejì rẹ̀ bá kún, ẹ̀rí ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí apá kejì rẹ̀ bá sì ṣófo, tí kò fẹ́ kí ó máa ṣófo lọ, láptọ́ọ̀pù ni kí ó rà.