Ẹni Tí Wọ́n Yẹ̀ Wò Ni Wọ́n Kà

Iṣẹ́ àṣetiléwá ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ká lọ kó ọ̀rọ̀ tuntun jọ láti ẹnu àwọn aráàlú ní Ìkirè àti Àpòmù, a sì yan àwọn tó wọlé sí èdè wa lọ́dún 2020, nígbà àrùn Kòrónà: kónílé-ó-gbélé, ìbòmú, ìtakété, ìyàsọ́tọ̀, àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tí kò ní ìtàn kónílé-ó-gbélé láti sọ fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí àyẹ̀wò, ìyá kan tó ń din dòdò ní ẹ̀bá títì Ìkirè gbé síbi sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ni wọ́n yẹ̀ wò gan-an?"

Kì í ṣe pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Nínú gbogbo àwọn tí a bá sọ̀rọ̀, a ò rí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fi òwú tọ imú rẹ̀ wò rí. Ìbéèrè ìyá yìí ló mú wa padà lọ wo bí ìjọba kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe é.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé ní àrùn náà. Òun lẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ sí i tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ACEGID, ibùdó ìwádìí tó wà ní Yunifásítì Redeemer's, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, fi tú gbogbo àbùdá kòkòrò náà palẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó ṣe é ṣáájú wọn nílẹ̀ Áfíríkà. Níbo ni wọ́n ti ṣe é? L'Ẹdẹ ni, ní Ọ̀ṣun tiwa níbí. Ibùdó yìí kan náà wà lára àwọn tó ṣàyẹ̀wò nígbà tí Ebola wọ Èkó lọ́dún 2014, tí ó mú ogún ènìyàn, tí mẹ́jọ sì kú nínú wọn kí wọ́n tó lé e lọ. Ẹnu yà wá pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a bí sí Ọ̀ṣun kò gbọ́ ọ rí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Èjìgbò ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Èjìgbò ti fi Côte d'Ivoire ṣe ilé kejì tipẹ́tipẹ́. Ní òpin oṣù Kẹta, ènìyàn 127 ti ibẹ̀ dé. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wọlé tọ ẹbí wọn lọ. Wọ́n kó wọn sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Èjìgbò, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ogún ènìyàn ni wọ́n ti kà ní Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ wa sì bọ́ sí ipò kẹta lẹ́yìn Èkó àti Àbújá. Àwa wà ní ilé ìwé girama nígbà náà, àwọn kan nínú wa ń retí WAEC tí wọ́n sún di oṣù Kẹjọ, a sì rántí bí ẹ̀rù ṣe ba gbogbo ilé. Wọ́n ní àrùn ti kún Ọ̀ṣun.

Ní báyìí tí a tún un wò, ohun tí a rí ni pé Ọ̀ṣun dúró de àwọn tó ń bọ̀, ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Ìpínlẹ̀ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni kò lè rí ogún, kò tilẹ̀ lè rí méjì. Àwọn àgbà ló ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ wá wo títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tó la Ìkirè kọjá. Aṣéjìrẹ́ ni ààlà, níbi ìsédò tí àwọn ará Ìbàdàn ti ń rí omi mu. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá ti Ọ̀ṣun ní kí oníkálukú jókòó sílé tọ̀sán-tòru. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni ó ní kí ènìyàn má jáde, ó sì ti ọ̀nà tó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Kónílé-ó-gbélé ni Yorùbá pe méjèèjì! Ọ̀rọ̀ kan, òfin méjì. Ọkùnrin awakọ̀ kan l'Àpòmù sọ fún wa pé ìyẹn ló kó òun sí wàhálà: ó gbọ́ lórí rédíò Ìbàdàn pé ọ̀sán kò ní wàhálà, ó gbé ọkọ̀ jáde l'Ọ̀ṣun. Fún àwa tí a ń kọ́ èdè, àpẹẹrẹ yìí dùn. Kò dùn mọ́ awakọ̀ náà.

Mákindé fúnra rẹ̀ kéde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta pé àyẹ̀wò òun fi hàn pé òun ní i. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó sọ fún gbogbo ayé pé kárọ́ọ̀tì, oyin àti epo èso dúdú wà lára ohun tí òun lò, a sì gbọ́ pé kárọ́ọ̀tì wọ́n lọ́jà lọ́sẹ̀ náà. Ẹ fi ti kárọ́ọ̀tì sílẹ̀. Ohun tó ṣe wá ní kàyéfì ni pé ó sọ ọ́ síta. Ìjọba rẹ̀ sì ṣí ibi àyẹ̀wò sí pápá ìṣeré Adamásingbà, níbi tí ará ìlú lè gbé ara rẹ̀ lọ. Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n yẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan wò n'Ìbàdàn, iye ìpínlẹ̀ náà sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tuntun tó wọ̀lú lọ́jọ́ náà. Wọ́n wò ó ni wọ́n fi rí i.

Kogí yàtọ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ NCDC dé Lọ́kọ́jà ní oṣù Karùn-ún, Gómìnà Yahaya Bello ní kí àwọn gan-an lọ yara wọn sọ́tọ̀ ná. Wọ́n bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí NCDC wá kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ ní Kogí ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ní irọ́ ni. Ààrẹ Magufuli ti Tanzania ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní wọ́n fi omi ìbẹ́pẹ àti ti ewúrẹ́ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, èsì sì ní wọ́n ní Kòrónà. Wọ́n dá kíkà dúró sí 509.

Ghana la gbádùn jù. Ohun èlò àyẹ̀wò kò tó wọn bí kò ṣe tó àwa náà. Ohun tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Noguchi, ní Legon, ni pé wọ́n bu díẹ̀díẹ̀ nínú omi imú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n pò ó pọ̀, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, gbogbo wọn bọ́. Bí ó bá wà, wọ́n á padà yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òpin oṣù Kẹrin, Ghana ti ṣe àyẹ̀wò tó lé ní 100,000. Nàìjíríà, tí èrò rẹ̀ ju tiwọn lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, kò tíì ṣe 20,000.

Olùkọ́ wa rán wa létí pé àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí àìsàn máa ń tọ babaláwo lọ fún un, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe tán láti gbọ́ ohun tí Ifá bá sọ. A bu gègé sí i lára àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun, a wá kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó gba iṣẹ́ mìíràn.

Ìyá onídòdò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ni òun ń lò, kò sì ṣe é tọ́jú. Ní oṣù Kẹrin yẹn ó rà á sílẹ̀, ọkọ̀ kò kọjá, ó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. A ṣàlàyé fún un pé àwọn ará Èjìgbò ni wọ́n yẹ̀ wò, pé Ẹdẹ ni ilé àyẹ̀wò náà wà. Ó ní, "Ẹdẹ tó wà níbí? Wọn ò sì sọ fún wa."

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Bí ẹ bá wá láti Èjìgbò tàbí Ẹdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa orúkọ tí àwọn ará ilé yín pe ibùdó ìyàsọ́tọ̀ náà nígbà yẹn. Ní Àpòmù, àwọn kan pè é ní ẹ̀wọ̀n.