Ọyẹ́ Òkè-Ògùn àti Omi Tútù Ìdájí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí kò bá tíì fi omi inú àmù wẹ̀ ní ìdájí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ní ìlú Ṣakí, kí ó má tíì bá wa jiyàn nípa òtútù. Ọmọ ilẹ̀ igbó ni èmi. Lọ́dọ̀ tiwa, ọyẹ́ a máa wá bí àlejò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó kí ni, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní Òkè-Ògùn, tòun ti ẹní òun ìrọ̀rí ni ó ń dé, yàrá ni yóò sì gbà.

Ìsinmi ìparí ọdún ni mo fi lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣakí, olùkọ́ bíi tèmi, tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ìsẹ́yìn ni mo sùn lọ́jọ́ kìíní. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi gbọ́ kírí-kòrò òfì, mo sì yà wo àwọn ahunṣọ. Ẹ wo bí ayé ti rí! Ọkùnrin tí ó ń hun ẹtù tí ẹlòmíràn yóò wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ní Èkó, òun fúnra rẹ̀ wọ súwẹ́tà òkìríkà tí ọrùn rẹ̀ ti ya. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ti aṣọ báyìí, òtútù ṣì ń mú yín?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò, olówó ló ni aṣọ, iṣẹ́ ló jẹ́ tèmi.” Ọ̀kọ̀ rẹ̀ kò dúró bí ó ti ń dá mi lóhùn.

Láti Ìsẹ́yìn a gba Ọ̀tu, a gba Àgọ́-Àrẹ, a dé Ṣakí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù, síbẹ̀ awakọ̀ wa kò pa iná ọkọ̀, nítorí eruku ọyẹ́ ti bo àwọn àpáta mọ́lẹ̀ tí ènìyàn kò lè mọ ibi tí òkè parí sí. Koríko ti gbẹ, òmíràn ti jóná dúdú, igi òrí nìkan ni ó dúró káàkiri pápá bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Àwọn ọmọ Fúlàní tí ń da màlúù fi kúbùsù borí, ojú wọn nìkan ni a ń rí.

Ibo ni òtútù yìí ti ń wá ná? Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, láàárín oṣù Bélú sí oṣù Ẹrẹ́nà. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ni ó ń gbé ní àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Afẹ́fẹ́ náà gbẹ, ojú ọ̀run kò sì ní ìkùukùu tí yóò dá ooru ilẹ̀ dúró lóru, nítorí náà ohun tí oòrùn fi sílẹ̀ lọ́sàn-án ni ilẹ̀ ń tú dànù títí di ìdájí. Ṣakí wà lórí ilẹ̀ tí ó fi ohun tí ó lé ní mítà 400 ga ju òkun lọ. Nítòsí rẹ̀ ni odò Ògùn ti ń sun. Oòrùn ọ̀sán lè kọjá ìwọ̀n 30, kí ti ìdájí sì bọ́ sábẹ́ 20.

Omi inú àmù tún tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Amọ̀ ń làágùn: omi ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń gba ooru lára omi tí ó kù nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni àmù ń tutù tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ènìyàn tí omi ń kán lára rẹ̀ nínú ọyẹ́, àmù ni òun náà.

Ìdájí ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ra sílẹ̀ dé ìbàdí, ó gbé igbá, ó kọrí sídìí àmù. Ìyá rẹ̀ sì ti gbé ìkòkò omi ka iná láti aago mẹ́rin.

“Tíṣà,” ni ìyá pè mí, “bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ọdún méjì ni mo fi pọ̀n ọ́n kí òtútù má baà mú un. Nígbà tí ó mọ̀wé tán, ó wá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá òtútù.”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìyá mi, ẹ má bínú. Àwọn òyìnbó ń sanwó kí wọ́n tó wọ inú yìnyín. Ọ̀fẹ́ ni tiwa.”

“Òyìnbó tí ó wọ inú yìnyín, ó ní iná tí yóò yá nílé. Ta ni yóò dá tìrẹ?”

Àlejò kì í dá ẹjọ́ onílé, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn, mo sì rí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi tútù kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1797 ni James Currie, dókítà kan ní ìlú Liverpool, tẹ ìwé jáde lórí bí òun ti ń fi omi tútù tọ́jú àwọn tí ibà ń ṣe. Ní Jámánì, Sebastian Kneipp, tí ó di àlùfáà ìjọ Àgùdà, bọ́ sínú odò Danube nínú òtútù ọdún 1849 nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ń bá a jà. Ara rẹ̀ yá, ó sì fi omi tútù tọ́jú àwọn ẹlòmíràn títí ó fi kú ní 1897. Bóyá omi ni ó wò ó sàn tàbí òmíràn, a kò lè fi ènìyàn kan ṣoṣo pinnu. Láyé tiwa yìí, Wim Hof ará Netherlands ni gbogbo ọmọ tí ó ní fóònù ń wò bí ó ti ń jókòó nínú yìnyín, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ mi ti kọ́ ọ.

Ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ràn, nítorí pé iye ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ní Netherlands yìí kan náà, ìwádìí kan jáde ní 2016, nínú èyí tí wọ́n kó ènìyàn 3,018 jọ, ọlọ́dún 18 sí 65, tí kò ní àìsàn ńlá kankan lára. Wọ́n ní kí àwọn kan máa wẹ̀ bí wọ́n ti ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn yòókù máa fi omi tútù parí ìwẹ̀ wọn fún ọgbọ̀n ọjọ́: àwọn kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, àwọn kan 60, àwọn kan 90. Ọjọ́ tí àwọn olómi tútù fi àìsàn pa iṣẹ́ jẹ fi ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ má tíì yọ̀! Iye ọjọ́ tí ara wọn kò fi yá kò dín. Àìsàn ń ṣe wọ́n bíi ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń dìde lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 90 gbọ̀n kò sì rí èrè ju ẹni tí ó fi 30 ṣe é lọ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòro láti yé ni. Bí omi tútù bá bà wá lójijì, a ó mí hàà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí bí a ti lè dá a dúró. Mímí yóò yára, ọkàn yóò máa sáré, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ yóò sún kì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò sì ga. Ara tún ń tú oje ìjayà sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ kí ojú là kí ara sì fúyẹ́. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, gìrìgìrì náà ti rọlẹ̀. Bí a bá ti ṣe é bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ara a máa mọ̀ ọ́n, kì í jayà tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, hàà yẹn kò ju ohun ẹ̀rín lọ. Nínú odò jíjìn, omi ni ènìyàn yóò fi mí sínú, bí ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fò sínú omi ìdájí ní òun nìkan, àgàgà ẹni tí ó ti mu ọtí.

Ibi tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ti jàre jù ni ẹ̀yìn ìwẹ̀. Ó ní òun kò bá omi jà, pé ìdúró gbangba ni òun ń bá a wí. Ọ̀rọ̀ àmù náà ni! Ẹni tí ó wẹ̀ tán tí ó dúró sínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kí ara òun lè gbẹ, ooru ara rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń kó lọ. Ọ̀rẹ́ mi gbà fún un níkẹyìn. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni ó ń kọ́kọ́ da omi sí, ó ń dúró kí mímí rẹ̀ balẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò da ìyókù sára kíákíá. Lẹ́yìn ògiri ni yóò ti nura gbẹ, yóò fi òrí pa ara, nítorí ọyẹ́ a máa la ẹsẹ̀ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, yóò sì wọ aṣọ tí ó nípọn.

Ọ̀rẹ́ mi kò tíì pé ogójì ọdún, ara rẹ̀ sì le. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn kò gbọdọ̀ fi omi tútù òjijì dán ara rẹ̀ wò, àwọn bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún náà kò sì gbọdọ̀ bá ọmọ wọn díje. Ọmọ tuntun ńkọ́? Àwọn ìyá wa àtijọ́ a máa wọ́n omi tútù sí ọmọ tí kò tètè ké, wọn a sì fi kànìnkàn wẹ̀ ẹ́ kí ibi rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ooru ara ọmọ tuntun tètè ń lọ, ìyẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní kí a dúró ó kéré tán wákàtí 24 kí a tó wẹ̀ ẹ́, kí a gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ kí ara rẹ̀ móoru. Ọmọ tí gìrì bá sì mú, ẹ má da omi lù ú, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n bẹ̀rù òtútù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbé iná èédú wọ yàrá, tí wọ́n sì ń ti fèrèsé pa sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde kò ní òórùn, kì í sì í jí ẹni tí ó bá ń pa. Ọyẹ́ sàn jù ú lọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù ni àwọn ọmọ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn tí ìwé àyẹ̀wò ń pe ẹ̀jẹ̀ wọn ní SS. Ọmọ irú wọn tí à ń bí ní Nàìjíríà lé ní 100,000 lọ́dún, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí ó ń bí tó bẹ́ẹ̀. Nínú ara tiwọn, bí òtútù bá sún òpó ẹ̀jẹ̀ kì, ẹ̀jẹ̀ a máa lọ́ra, àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, wọn a há sójú ọ̀nà, eegun a sì bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ohun tí ó ń mú ara ọ̀rẹ́ mi yá ni ó lè gbé wọn dùbúlẹ̀.

Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Aago márùn-ún ni agogo ń lù, àti àgbà àti kékeré yóò jáde sí gbangba láti wẹ̀, pàṣán sì ń dúró de ẹni tí ó bá lọ́ra. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò ju ọmọ ọdún 13 lọ, tí ó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, wọ́n fà á jáde, wọ́n da garawa omi méjì lé e lórí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti ń yí nílẹ̀ pé ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn òun ń fọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò ní ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti ọjà, ó jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ pé SS ni. Òun ni òun ní kí ọmọ má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà máa pè é ní àbíkú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún olùkọ́ ọmọ yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ bèèrè lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọlé, ẹ bèèrè ní kọ̀rọ̀, kí ẹ má sì kà á síta. Ọmọ tí ó bá ń sá fún omi ìdájí, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é kí ẹ tó na ọwọ́ mú pàṣán.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wí yìí, ní sáà tí ó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ìkòkò ńlá kan ka iná lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ní kí ẹni tí òtútù kò bá lára mu wá bu omi gbígbóná láìsí ìbéèrè. Ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn rò pé yóò wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ tí ó tò síbẹ̀ ju ọ̀kan lọ dáadáa.