Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Báfù

Ẹni tó bá ka báyọ́lọ́jì ní sẹ́kọ́ńdìrì nílẹ̀ wa, òkú ọ̀pọ̀lọ́ ló sábà máa ń mọ̀ ju ààyè rẹ̀ lọ. Wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ sórí pákó, wọ́n á na tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi píìnì kàn án mọ́lẹ̀, tíṣà á sì ní ká ya ohun tá a bá rí. Mo yà á, mo gba máàkì mi, mo sì jáde nílé ìwé láìmọ bí ẹranko náà ṣe ń mu omi. Ọmọbìnrin mi tí kò tíì kúrò ní pírámárì ló wá kọ́ mi.

Ìbàdàn là ń gbé, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kì í wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ó mú méjì, ó bu yẹ̀pẹ̀ àti ewé gbígbẹ sínú báfù kan tó ti sán, ó gbé àwo omi sí i, ó wá ta nẹ́ẹ̀tì fèrèsé lé e lórí. Inú bí ìyá mi. Ó ní ara ọmọ á sú, àti pé kí ni ká sọ fún ẹni tó bá béèrè ohun tá à ń fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe nínú ilé. (Ìbéèrè gidi nìyẹn ládùúgbò wa o.) Ara ọmọ ò sú. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù Màmá kì í ṣe lásán: oró wà nínú ibi méjì tó wú lẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀lọ́, ajá tó bá deyín mọ́ ọn lè kàgbákò. Torí náà, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọwọ́.

“Mọ́mì, wọn kì í mumi.” Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó wò ó títí, ó ní ṣe ni wọ́n kàn ń jókòó sínú àwo, tí wọ́n á tẹ́ ikùn sínú omi, wọn ò ní yanu rárá. Mo lọ wá a nínú ìwé, òótọ́ ló sọ: awọ ikùn ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń fa omi sára.

Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ní eré kan tí èmi náà bá láyé. Wọ́n á da iyọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ lára, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń jà pìtìpìtì. Ọmọ mi fẹ́ mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún un. Mo gé kùkúńbà sínú àwo méjì, mo ní kó bu iyọ̀ sí ọ̀kan. Kí ìrẹsì tó jinná, omi ti sun yí èyí tó níyọ̀ ká, ó ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Èkejì ṣì le. Ó tẹjú mọ́ ọn. “Áà! Ibi tí omi ń gbà wọlé náà ni iyọ̀ ti ń fà á jáde!” Ló bá gbé àwo lọ bá àwọn ọmọkùnrin yẹn. N ò gbọ́ ohun tó bá wọn sọ, àmọ́ nígbà tó yá, èyí tó le jù nínú wọn wá ń bi mí bóyá bó ṣe rí fún ìgbín náà nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni tíṣà ní kí ọmọ mi ṣàlàyé òwe kan nínú iṣẹ́ Yorùbá: ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ó kọ ọ́ pé oòrùn ń gbẹ omi ara ọ̀pọ̀lọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń sá pa mọ́ dalẹ́, tó bá wá jáde lọ́sàn-án, ọ̀ràn ti dé. Tíṣà fún un ní ìdajì máàkì, ó ní ìtumọ̀ òwe lòun béèrè, òun ò béèrè awọ. Lẹ́yìn ọmọ mi ni mo wà. Ẹni tó pa òwe yẹn ti wo ọ̀pọ̀lọ́ dáadáa kó tó pa á.

Ẹyin ló wá sọ wá di oníṣirò. A rí i nínú omi tó dá rogún lẹ́yìn ilé, okùn gígùn tó mọ́ gaara, tí nǹkan dúdú to tẹ̀ léra nínú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó kà á, ó sọ nù. Ó tún un kà, ó tún sọ nù. Ló bá gbé rúlà, ó ka iye tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan, ó fi owú wọn okùn náà, ó wá sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ó rò pé òun ti ṣì í, ó tún un ṣe. Kò ṣì í. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí ọ̀pọ̀lọ́ ò tíì kún Ìbàdàn?

Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé Ọsirélíà. Lọ́dún 1935, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ 102 láti Hawaii wá sí Queensland kí wọ́n lè máa jẹ kòkòrò tó ń ba ìrèké jẹ́. Irú tiwọn kì í ṣe irú tiwa, Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà ni orírun wọn. Wọn ò rí kòkòrò náà ṣe, àmọ́ wọ́n bí sí i títí wọ́n fi di ọ̀kẹ́ àìmọye, ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀ tó bá sì fi wọ́n ṣe oúnjẹ, oró wọn ń pa á. Ọmọ mi wá Hawaii lórí máàpù, ó ní, “Ta ló ní kí wọ́n kó wọn?” Lọ́dọ̀ tiwa, ejò ń jẹ wọ́n, ẹyẹ ń jẹ wọ́n, omi tí wọ́n yé sí sì máa ń gbẹ kí àwọn ọmọ tó yọ ẹsẹ̀.

N ò ní purọ́ pé máàkì ìṣirò rẹ̀ fò sókè ní ìparí táàmù. Kò fò. Nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, ó kó wọn lọ sí ibi tó tutù lẹ́yìn balùwẹ̀, torí awọ wọn. Ọ̀rọ̀ alágẹmọ ló ń bi mí léèrè báyìí. Ìyá mi ti sọ pé ọjọ́ tí alágẹmọ bá wọlé lòun máa jáde.