Ọjọ́ Tí Mo Tú Gèlè ní Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ mi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí àwọn oníbàárà ń yin gèlè mi, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé àtàrí mi ti pá.

Yíyún ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń ta mí bí ẹni pé a fi ata pa á. Mo pè é ní làpálàpá, mo ra ìpara làpálàpá, kò gbọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi àdí pa á. Ẹnì kan da àgbo gbígbóná sí i, awọ orí mi sì bó. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Nígbà tí ọmọ mi obìnrin, tí í ṣe olùkọ́, fi ọwọ́ kàn án, ó ní, “Màámi, awọ lásán ni ó kù níbí o. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé ìwòsàn.”

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́. A gba ọ̀nà àtijọ́, a kọjá Ìlọrà àti Jọ́bẹ̀lẹ̀, a dé Fìdítì, ìlú ọlọ́sàn, a sì já sí Mọníyà. Láti Ọ̀jọ́ọ̀ a kọjá ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, a gba Sángo dé Mọ́kọ́lá, níbi tí mo ti wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí UCH. Ilé ìwòsàn yìí kì í ṣe ọmọdé: òfin ọdún 1952 ni ó dá a sílẹ̀, a sì ṣí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 1957.

Lórí àga gbọọrọ, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gèlè ni àti wíìgì. A kò wo ojú ara wa. Nígbà tí ó kàn mí, dókítà kan tí mo lè bí kí mi, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tú gèlè.” Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo tú u. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Ó fi awò kékeré tí ó ní iná wo orí mi títí, ó bi mí bí mo ṣe ń dirun láti kékeré, ó gún mi ní abẹ́rẹ́ kí n má baà mọ ìrora, ó sì gé awọ tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan fún àyẹ̀wò.

Mo padà lọ gbọ́ èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe làpálàpá, kì í sì í ràn. Dókítà ní orí pípá mìíràn wà tí ihò irun ṣì wà láàyè, irun lè padà. Nínú irú tèmi, ihò irun ń wú títí yóò fi kú, tí àpá yóò sì dí i. Láti àárín àtàrí ni ó ti ń tàn kálẹ̀, àwa obìnrin adúláwọ̀ ni ó sì ń bá jà jù.

Mo ní, “Dókítà, ṣé irun mi yóò padà?”

Ó ní, “Màmá, n kò ní tàn yín. Ibi tí àpá ti dí, irun kò ní hù mọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè gbìyànjú kí ó má gba ìyókù.”

Mo sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yé èmi aláṣọ: aṣọ tí iná jó kò ní di òdidi mọ́, ẹni tí ó bá tètè pa iná ni yóò rí ìyókù lò.

Ó fún mi ní ìpara tí ń mú ìwú rọlẹ̀, ó ń gún awọ orí mi ní abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, mo sì ń lo doxycycline, nítorí ó máa ń dín ìwú náà kù. Ó ní kí n jáwọ́ nínú rílásà, irin gbígbóná àti irun dídì tí ó le.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé àrùn náà lè rìn nínú ẹbí. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé àwọn kan nínú àwọn obìnrin tí ó ní in ní àbùkù nínú ohun àjogúnbá kan tí à ń pè ní PADI3. Ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, tí ó máa ń sunkún bí a bá ń di ṣùkú fún un? Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tú irun rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ tún un dì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, yíyún náà dáwọ́ dúró, ibi tí ó pá kò sì fẹ̀ sí i. Irun àárín kò padà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń rí orí àwọn ọmọ wa lójoojúmọ́, bí àtàrí bá ń yún, tí ó ń ta, tí ó ń dunni bí a bá fọwọ́ kàn án, ẹ má fi gèlè bò ó. Ọdún mẹ́ta tí mo fi bo tèmi ni irun mi bá lọ.